Bàbá ń tọ̀ dáadáa, kí ló dé tí wọ́n fi ní kíndìnrín wọn ti ń kọṣẹ́?

Arábìnrin kan kọ̀wé sí mi láti Ọ̀fà pé: "Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi, ẹni ọdún 63 ni wọ́n. Ó ti lé ní ọdún 15 tí wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àmọ́ wọ́n máa ń dá a dúró nígbà tí ara wọn bá yá. Lóṣù tó kọjá, wọ́n ṣe àyẹ̀wò fún wọn ní Ìlọrin, èsì rẹ̀ ni pé eGFR wọn jẹ́ 23, pé purotéènì wà nínú ìtọ̀ wọn, pé kíndìnrín wọn ti wà ní ìpele kẹrin, kí a sì máa múra sílẹ̀ fún fífọ ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá ń tọ̀ dáadáa, kò sì sí ibi tó ń dùn wọ́n. Àbúrò wọn ní ẹni tí wọ́n bá ti gbé sórí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ yẹn kì í pẹ́ kú, wọ́n ti ra àgbo wá láti Ọjà Ìpàtà, èyí tí wọ́n ní ó wo ọ̀rẹ́ àwọn sàn. Mo tún gbọ́ pé àwọn onímọ̀ ní inú ẹ̀jẹ̀ àwa Yorùbá gan-an ni àrùn yìí wà. Kí ni kí a ṣe? Ṣé kí àwa ọmọ náà lọ ṣe àyẹ̀wò?"

Ẹ kú àníyàn Bàbá, Ọlọ́run yóò fún wọn ní àlàáfíà. Ìbéèrè yín pọ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé ìbẹ̀rù kan ṣoṣo ló bí gbogbo wọn: ẹ kò mọ̀ bóyá ẹ̀rọ tí wọ́n dárúkọ fún yín yóò gba ẹ̀mí Bàbá là ni tàbí òun gan-an ni yóò gbà á. Ẹbí yín wá há sí àárín ẹ̀rọ àti àgbo, bí ẹni pé ọ̀nà méjì péré ló wà. Lójú tèmi, kò tí ì kan èyíkéyìí nínú méjèèjì lónìí. Ẹni tí eGFR rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ tó hàn, jẹ́ 23, tí ó ń jẹun, tí ó ń rìn, tí èémí rẹ̀ sì já gaara, kì í ṣe ẹni tí à ń gbé sórí ẹ̀rọ. Kí ẹ múra sílẹ̀ ni dókítà yín wí, ìmúrasílẹ̀ sì yàtọ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀. Àkókò ni ohun tí ó kù lọ́wọ́ Bàbá báyìí, ó sì lè pọ̀ ju bí ẹ ti rò lọ bí a bá mọ ohun tí a ó fi ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Kíndìnrín méjì ni ó wà ní ẹ̀yìn ìhà wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ìkúùkù lọ, ṣùgbọ́n asẹ́ kéékèèké tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan. Nínú ẹni tí ara rẹ̀ dá, nǹkan bíi lítà 180 omi ni àwọn asẹ́ wọ̀nyí ń sẹ́ láti inú ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́; kíndìnrín á wá dá èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ padà sínú ara, tí ó fi jẹ́ pé lítà kan sí méjì péré ni à ń tọ̀. Iye mìlílítà tí gbogbo asẹ́ náà ń sẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan ni eGFR ń fojú díwọ̀n, ti ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le sì máa ń wà ní nǹkan bíi 100 tàbí kí ó lé. Ẹ wá fi 23 ti Bàbá lọ́nà 1,440, tí í ṣe iye ìṣẹ́jú tó wà nínú ọjọ́ kan, ẹ ó rí i pé kíndìnrín wọn ṣì ń sẹ́ nǹkan bíi lítà 33 lójúmọ́. Ẹni tí ó ń sẹ́ lítà 33 kò lè ṣaláì rí lítà méjì tọ̀. Omi kọ́ ni ó ń há sínú ara wọn báyìí, bí kò ṣe ìdọ̀tí tí ó yẹ kí omi náà gbé jáde. Tíṣà ni Bàbá. Ẹ fún wọn ní bébà kí wọ́n ṣe ìṣirò náà fúnra wọn, yóò yé wọn ju àlàyé dókítà lọ. Kódà, bí wọ́n bá ń jí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóru láti tọ̀, kò yẹ kí a kà á sí àmì ìlera, nítorí ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí kíndìnrín máa ń kọ́kọ́ pàdánù ni kí ó ki ìtọ̀ kí ó sì dín omi rẹ̀ kù lóru. Ó sì tún lè jẹ́ pé próstéètì ló ń dí ọ̀nà ìtọ̀, èyí tí ó fi yẹ kí ọkùnrin ọjọ́ orí wọn ṣe àwòrán sikáànì kíndìnrín àti àpò ìtọ̀, torí pé bí ìdíwọ́ bá wà níbẹ̀, a lè tú u, kíndìnrín á sì sinmi.

Ní ti pé kò sí ibi tó ń dùn wọ́n, asẹ́ inú kíndìnrín kì í dunni nígbà tí ó bá ń bàjẹ́. Ẹ̀yìn dídùn tí àwọn ènìyàn fi ń sáré wá bá wa, ti iṣan àti eegun ni ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Àwọn tí kíndìnrín wọn ti ń lọ gan-an kì í mọ ohunkóhun lára títí yóò fi kù díẹ̀. Ìgbà yẹn ni oúnjẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í korò lẹ́nu wọn, tí ara á máa yún wọn, tí òsúkè kò ní dáwọ́ dúró, tí ojú wọn á sì máa wú láàárọ̀.

Ohun kan tún wà tí n óò fẹ́ kí ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín: ṣé wọ́n ti tún àyẹ̀wò náà ṣe? Kí a tó pe àìsàn kíndìnrín ní èyí tó ti pẹ́ lára, ó gbọ́dọ̀ ti wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Ibà líle, ìgbẹ́ gbuuru, èébì, tàbí abẹ́rẹ́ diclofenac tí oníkẹ́mísì gún fún orúnkún dídùn lè fa nọ́ńbà náà wálẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tí yóò sì tún gòkè lẹ́yìn náà. N kò sọ èyí láti fún yín ní ìrètí asán. Purotéènì tó wà nínú ìtọ̀ àti ọdún 15 ẹ̀jẹ̀ ríru mú kí n rò pé ó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà sí i nígbà tí a bá dé orí àgbo.

Purotéènì inú ìtọ̀ yẹn ni mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ẹ wo aṣọ tí a fi ń sẹ́ ògì: bí ènìyàn bá ń fi agbára fún un lójoojúmọ́, ojú aṣọ náà á ya, eèrí á sì máa bá ògì kọjá sínú ìkòkò. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe sí asẹ́ kíndìnrín nìyẹn. Purotéènì tí ó yẹ kí ó dúró sínú ẹ̀jẹ̀ á máa bá ìtọ̀ jáde, ìtọ̀ náà á sì máa hó, ìhó rẹ̀ kì í sì í tètè lọ. Bí purotéènì tó ń jò bá ṣe pọ̀ tó ni kíndìnrín ṣe ń yára bàjẹ́ tó, ìdí sì nìyí tí ó fi yẹ kí a wọn iye rẹ̀ gan-an ní láàbù, kì í ṣe kí a kàn ki bébà bọ inú ìtọ̀ kí a sì kọ ++. Bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru ló ba kíndìnrín Bàbá jẹ́ tàbí kíndìnrín tó ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ ló gbé ẹ̀jẹ̀ ríru dé, ó ṣòro láti sọ ní irú ìgbà yìí, nítorí méjèèjì ló ń bí ara wọn. Bí sikáànì bá fi hàn pé kíndìnrín ti súnkì, a kì í sábà rí ìdáhùn sí i mọ́. Ohun tí ó dá mi lójú ni pé oògùn tí à ń lò nígbà tí ara bá ń dun ni, tí a sì ń dá dúró nígbà tí ara bá yá, kò lè dáàbò bo asẹ́ náà, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í fi bó ṣe ga tó han ẹni tó ń ṣe.

Èyí tí ẹ gbọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ àwa Yorùbá, òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti bù mọ́ ọn. Ní 2010, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ṣàwárí pé oríṣi méjì nínú apilẹ̀ àbùdá kan tí ń jẹ́ APOL1, tí wọ́n pè ní G1 àti G2, ń mú kí àrùn kíndìnrín wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí baba ńlá wọn ti Áfíríkà wá. Èsì àyẹ̀wò àbùdá àwọn Yorùbá kan ní Ìbàdàn, tí wọ́n ti fún àwọn onímọ̀ ní ẹ̀jẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún iṣẹ́ ìwádìí mìíràn, wà lára ohun tí wọ́n fi rí i. Ohun tí APOL1 ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀ ni pé ó ń pa kòkòrò tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, èyí tí ń fa àrùn sunrunsunrun. Oríṣi méjèèjì yìí sì lágbára láti pa irú kòkòrò náà kan tí APOL1 lásán kò rí pa. Ó jọ pé nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe tàn kálẹ̀ láàárín wa: àwọn tó ní wọn yè, wọ́n sì bímọ. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà àti Ghana, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2024, tí àwọn tó kópa nínú rẹ̀ lé ní 8,000, rí i pé nǹkan bí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló gba irú àbùdá yìí lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, àti pé ewu àrùn kíndìnrín tiwọn fi nǹkan bí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹ fi ojú inú wo iye ènìyàn tí ìyẹn jẹ́ ní Ọ̀fà nìkan. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn yóò sì gbó, yóò sì tọ́, láìmọ ohun tí ń jẹ́ àrùn kíndìnrín. Nítorí náà, àbùdá yìí kì í ṣe ìdájọ́. Oògùn kan tí ń jẹ́ inaxaplin ti wà lẹ́nu ìdánwò, ìwádìí kékeré kan tí ó jáde ní 2023 sì fi hàn pé ó dín purotéènì tí ń jò kù ní ìwọ̀n tí ó súnmọ́ ìdajì láàárín ọ̀sẹ̀ 13, ṣùgbọ́n àwọn tó lò ó kò ju ìwọ̀nba lọ. Yíyẹ àbùdá Bàbá wò kò lè yí oògùn tí wọ́n nílò lónìí padà, ẹ má ṣe ná owó yín sí i.

Kí wá ni ó lè yí nǹkan padà? Àkọ́kọ́ ni kí ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, kí ó sì dúró síbẹ̀. 130/80 ni mo máa ń lé fún irú ẹni báyìí bí òòyì kò bá kọ́ wọn. Irú oògùn tí a fi mú un wálẹ̀ náà sì ṣe pàtàkì. Ìwádìí kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n pè ní AASK, àwọn ènìyàn dúdú 1,094 tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ba kíndìnrín wọn jẹ́ tí wọn kò sì ní àtọ̀gbẹ ló kópa nínú rẹ̀, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2001 àti 2002. Oògùn tó wà nínú ìdílé lisinopril, ìyẹn ramipril, dá kíndìnrín wọn dúró ju amlodipine lọ, pàápàá àwọn tí purotéènì ń jò nínú ìtọ̀ wọn. Kì í ṣe pé amlodipine burú, ó ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru jà dáadáa. Ṣùgbọ́n tí ó bá jẹ́ òun nìkan ni Bàbá ń lò, ẹ béèrè ìdí rẹ̀. Mo ti rí àwọn tí wọ́n gba lisinopril tàbí losartan lọ́wọ́ wọn nítorí pé kíndìnrín wọn ti dé ìpele kẹrin, pẹ̀lú èrò pé oògùn náà ló ń ba á jẹ́. Ní 2022, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Britain láàárín aláìsàn 411 tí eGFR wọn ti wà lábẹ́ 30 yanjú ọ̀rọ̀ yìí: lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kíndìnrín àwọn tí wọ́n dá oògùn náà dúró kò sàn ju ti àwọn tó ń bá a lọ. Ohun tí ó yẹ ni kí a tún creatinine, ìyẹn ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín máa ń kó jáde, àti pòtásíọ̀mù yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn tí a bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tàbí tí a bá fi kún un, nítorí pòtásíọ̀mù tí ó bá ga jù lè dá ọkàn dúró.

Èkejì ni àwọn oògùn tí wọ́n ṣe fún àtọ̀gbẹ ní ìbẹ̀rẹ̀, tí a wá rí i pé wọ́n ń dáàbò bo kíndìnrín ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ pẹ̀lú. Dapagliflozin àti empagliflozin ni orúkọ wọn. Nínú ìwádìí DAPA-CKD tí ó jáde ní 2020, láàárín ènìyàn 4,304, dapagliflozin dín ewu kí kíndìnrín wó tàbí kí àrùn kíndìnrín tàbí ti ọkàn pa ènìyàn kù ní ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n wọn kò gba ẹnikẹ́ni tí eGFR rẹ̀ kò tó 25 wọlé níbẹ̀. Ti empagliflozin, tí wọ́n pè ní EMPA-KIDNEY, gba àwọn tí tiwọn jẹ́ 20, ó sì dín ewu kù ní ìdá 28. Ìdí tí mo fi ń ka nọ́ńbà wọ̀nyí sí yín létí ni pé Bàbá wà ní 23: ilẹ̀kùn náà ṣì ṣí fún wọn, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí yóò fi máa pa dé, torí pé 20 náà ni àwọn tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú sọ pé kí a má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nípa ibi tí ìmọ̀ yìí kù sí: àwọn ènìyàn dúdú tó wà nínú ìwádìí méjèèjì kò pọ̀ rárá, owó oògùn náà sì ń ká àwọn aláìsàn mi lọ́wọ́ kò. Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ èmi, kí n tó fi owó ra àgbo, òun ni n óò kọ́kọ́ béèrè iye rẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, iyọ̀ ni ọ̀tá tó ṣe kedere jù, kí gbogbo èyí tí wọ́n ń jẹ lójúmọ́ má kọjá ṣíbí ìpotíì kan, kí ẹ sì ka mágí inú ọbẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má gbàgbé kànún tí a ń fi sí ewédú, gbẹ̀gìrì àti ẹ̀wà, nítorí sódíọ̀mù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Iyọ̀ tí wọ́n ń tà pé ó dára fún ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ ríru, ẹ yẹra fún un, torí pòtásíọ̀mù ni wọ́n sábà máa ń fi rọ́pò sódíọ̀mù inú rẹ̀. Èso àti ẹ̀fọ́ kò ní kí ẹ gbà lọ́wọ́ Bàbá bí àyẹ̀wò kò bá fi hàn pé pòtásíọ̀mù wọn ga. Bí ó bá ga, kí ẹ máa gé iṣu wẹ́wẹ́, kí ẹ rẹ ẹ́ sómi, kí ẹ bọ̀ ọ́, kí ẹ sì da omi rẹ̀ nù. Àwọn kan yóò ní kí Bàbá máa mu omi púpọ̀ kí ó lè fọ kíndìnrín. Wọ́n ti dán ìyẹn náà wò ní Kánádà, láàárín ènìyàn 631 tí kíndìnrín wọn wà ní ìpele kẹta: wọ́n ní kí àwọn kan máa mu omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ọdún kan, kíndìnrín wọn kò sì sàn ju ti àwọn yòókù lọ. Kí Bàbá mu bí òùngbẹ bá ṣe gbẹ wọ́n tó. Kí diclofenac, ibuprofen àti piroxicam kúrò nínú ilé yín pátápátá. Paracetamol ni kí wọ́n lò fún ara ríro. Bí Mùsùlùmí bá ni Bàbá, kí wọ́n bá dókítà àti àlùfáà sọ̀rọ̀ kí Rámàdáánì tó dé, nítorí gbígbẹ omi ara ní ìpele yìí léwu, Kùránì sì ti fún aláìsàn láyè láti má gbààwẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àgbo ni mo mọ̀ pé yóò fa àríyànjiyàn nínú ẹbí, n kò sì ní sáré kọjá rẹ̀. Èmi kò sí lára àwọn tó ń pe gbogbo ewé ní májèlé; ara ewé ni wọ́n ti rí artemisinin tí à ń fi wo ibà lónìí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú ìgò tí àbúrò Bàbá rà, bóyá títí kan ẹni tó tà á. Ní 1993, àwọn dókítà ní Brussels, ní Belgium, kọ̀wé nípa àwọn obìnrin tí kíndìnrín wọn wó lulẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n lo egbòogi ilẹ̀ China láti fi dín sísanra kù. Wọ́n padà rí i pé wọ́n ti ṣèèṣì fi egbòogi kan rọ́pò òmíràn, èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ sì ní aristolochic acid nínú. Àwọn kan nínú àwọn obìnrin náà tún padà ní jẹjẹrẹ ní ọ̀nà ìtọ̀. Ilé ìtọ́jú ni wọ́n ti gbà á o, kì í ṣe ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ dá ṣáṣá lè mu gbogbonìṣe kí ó sì mú un jẹ. Ẹni tó ku ìdámẹ́rin kíndìnrín kò ní ohun tí yóò fi ta tẹ́tẹ́. Ẹ óò sì bi mí pé, ọ̀rẹ́ àbúrò Bàbá tí ara rẹ̀ yá ńkọ́? N kò pè é ní irọ́. Ó ṣeé ṣe kí kíndìnrín rẹ̀ kàn dáṣẹ́ dúró lójijì nítorí ibà tàbí ìgbẹ́ gbuuru, bí mo ti sọ lẹ́ẹ̀kan. Irú rẹ̀ sábà máa ń padà sípò láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, yálà ènìyàn mu àgbo tàbí kò mu. Ohun tó wà nílẹ̀ nígbà tí ara ń yá ni a máa ń fún ní ìyìn. Àgbo tó ń mú ni tọ̀ púpọ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ti ṣe ìṣirò ìtọ̀ lókè, ẹ mọ̀ pé ìyẹn kọ́ ni ìṣòro Bàbá.

Ìyìn yìí kan náà, bí ó bá yí padà, ló ń di ẹ̀bi fún ẹ̀rọ. Ẹni tí wọ́n ti gbé kiri láti ilé egbòogi dé ilé àdúrà, tí wọ́n wá gbé dé ọ̀dọ̀ wa lóru, tí kò lè sùn sílẹ̀ nítorí omi ti kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, tí pòtásíọ̀mù ti ń da ìlù ọkàn rẹ̀ rú, a ó ti rọ́bà bọ ọrùn tàbí itan rẹ̀ ní pàjáwìrì, a ó sì gbé e sórí ẹ̀rọ. Bí ó bá kú ní ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ ni ará ilé rí gbẹ̀yìn. Ìkejì ni owó. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, ni ó yẹ kí a máa fọ ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ ti ń san án, wọ́n á ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tàbí lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì, títí owó yóò fi tán. Ẹ tún fi owó ọkọ̀ kún un, láti Ọ̀fà gba Àjàṣẹ́-Ìpo dé Ìlọrin. Àìtó ìtọ́jú ló pa wọ́n. Síbẹ̀, n kò ní tàn yín: fífọ ẹ̀jẹ̀ kì í wo kíndìnrín sàn, díẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń bá a ṣe, kódà ní Amẹ́ríkà tí ìjọba ti ń bá wọn san owó rẹ̀ láti 1973, nǹkan bí ìdajì àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í pé ọdún márùn-ún, àrùn ọkàn ló sì ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Nítorí náà, kò sí èrè nínú kí a tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìwádìí IDEAL, tí wọ́n ṣe ní Australia àti New Zealand láàárín ènìyàn 828, tí ó jáde ní 2010, fi àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nígbà tí eGFR wọn wà láàárín 10 sí 14 wé àwọn tí wọ́n ní kí ó dúró títí yóò fi wà láàárín 5 sí 7, tàbí títí àìsàn yóò fi hàn lára wọn. Iye àwọn tó kú kò yàtọ̀. Bàbá wà ní 23. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe ní ti ẹ̀rọ báyìí ni kí wọ́n dáàbò bo apá òsì wọn bí ó bá jẹ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń kọ̀wé: kí ẹnikẹ́ni má fa ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n má fi omi dírípù sí i. Bí nọ́ńbà náà bá ń sún mọ́ 15, a ó so iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì pọ̀ ní apá náà pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ kékeré. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù mẹ́ta kí ó tó gbó tó ohun tí a lè gún. Bí ẹ bá gbé ìka lé e, ẹ ó mọ̀ ọ́n tí ń gbọ̀n rìrì lábẹ́ awọ. Ẹni tó ní i kò nílò rọ́bà ọrùn tí kòkòrò àrùn ń gbà wọlé. Kí wọ́n má sì kánjú gba ẹ̀jẹ̀ sára nítorí pé ẹ̀jẹ̀ wọn kéré; abẹ́rẹ́ erythropoietin, tó ń mú kí ara ṣe ẹ̀jẹ̀, àti oògùn ayọ́nù wà fún un, gbígba ẹ̀jẹ̀ léraléra sì lè mú kí ara kọ kíndìnrín ẹlòmíràn lọ́jọ́ iwájú.

Kíndìnrín ẹlòmíràn yẹn ni ìtọ́jú tó dára jù bí ó bá ṣeé ṣe. Láti 2000 ni wọ́n ti ń ṣe é ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn St. Nicholas ní Èkó ló sì kọ́kọ́ ṣe é. Owó rẹ̀ pọ̀, oògùn tí ènìyàn yóò máa lò títí ayé lẹ́yìn rẹ̀ sì tún wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó fífọ ẹ̀jẹ̀ yóò wálẹ̀ láti ₦50,000 sí ₦12,000 lẹ́ẹ̀kan ní àwọn ilé ìwòsàn wọn kan, UCH Ìbàdàn sì wà lára wọn. Ẹ béèrè ní UITH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, ibi tí ọ̀rọ̀ dé kí ẹ tó ṣírò owó. Àwọn kan tún máa ń yàn láti má gun ẹ̀rọ rárá, kí a máa tọ́jú ìnira wọn nìkan; mo máa ń bọ̀wọ̀ fún ìyẹn fún arúgbó tí ara rẹ̀ ti gbó, ṣùgbọ́n ẹni ọdún 63 tó ń rìn kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ bá sọ ọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti àbùdá. Kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ yín wò fún purotéènì, kí wọ́n wo ṣúgà àti creatinine inú ẹ̀jẹ̀ yín. Àyẹ̀wò tí ẹ lè rí ṣe ní Ọ̀fà níbẹ̀ ni. Ọmọ tí ó bá ń ro ó láti fún Bàbá ní kíndìnrín kan lọ́jọ́ kan nìkan ni ó yẹ kí ó béèrè nípa APOL1. Èmi kò rí Bàbá, n kò sì rí sikáànì wọn, nítorí náà dókítà tó ń tọ́jú wọn ni kí ẹ gbé gbogbo èyí lọ bá. Nígbà tí ẹ bá ń lọ, ẹ kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò dání, títí kan ìgò àgbo náà, kí ẹ sì gbé e sórí tábìlì láìtijú, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n ń ṣírò lé lórí.